Ẹ Jẹ́ Kí N Gúnlẹ̀ Ná

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní Gẹ̀ẹ́sì ní Àjárà, ní Àgbádárìgì. Gẹ̀ẹ́sì sísọ ni o. Wọn kì í ṣe ìdánwò, wọn kì í gba ìwé-ẹ̀rí. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí ẹnu wọn ṣí nígbà tí oníbàárà tí kò gbọ́ Yorùbá tàbí Ègùn bá dúró níwájú wọn. Lójú mọmọ, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó sì ti lé ní ọdún 10 tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá bẹ̀ mí pé kí n kọ́ àwọn àgbà, mo rò pé ohun tí mò ń fi kọ́ ọmọ ọdún 14 náà ni màá bù díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ìyá ọlọ́jà. Ó tó oṣù mẹ́fà kí n tó mọ̀ pé mo ti ṣìnà.

Èèyàn mẹ́jọ ló kọ́kọ́ wá. Ìyá Alágbọn, ọmọ Ègùn pọ́ńbélé, ń ta àgbọn, epo àgbọn àti kàǹdí àgbọn ní ọjà Àgbálatà. Bàbá Ọlọ́kọ̀ ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé àwọn àlejò láti Màrínà lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú, níbi tí wọ́n ti ń lọ wo ọ̀nà tí àwọn ẹrú gbà dé etí òkun. Ọ̀dọ́mọkùnrin télọ̀ kan wà, ọmọ Ìsẹ́yìn. Bíríkìlà kan wà tó ti Àjàṣẹ́ wá, ní òdìkejì bodè, tó gbọ́ Faransé àti Ègùn dáadáa, ṣùgbọ́n tí Gẹ̀ẹ́sì ṣókùnkùn sí. Àwọn yòókù jẹ́ obìnrin tó ń ta aṣọ lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀. Bí a bá yọ télọ̀ kúrò, èmi ni mo kéré jù nínú yàrá náà, síbẹ̀ èmi ni gbogbo wọn ń pè ní Àǹtí. Mi ò ka ìyẹn sí nǹkan kan nígbà náà.

Mo gbé pátákó dúró, mo kọ "I go, I went, I have gone." Wọ́n dà á kọ sínú ìwé wọn, ọwọ́ ìkọ̀wé Ìyá Alágbọn tilẹ̀ dára ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ẹnì kan dìde kó sọ ohun tó ṣe láàárọ̀, á wolẹ̀, á wò mí, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Àǹtí, ó wà lẹ́nu mi o, kò kàn fẹ́ jáde ni." Oṣù méjì kọjá báyìí. Àwọn mẹ́ta kò wá mọ́.

Ìgbà náà ni mo ṣe ohun tó ń dùn mí títí di òní. Mo ní ẹnikẹ́ni tó bá sọ Yorùbá tàbí Ègùn ní kíláàsì yóò san 50 náírà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún wa nígbà tí mo wà ní pírámárì ní Abẹ́òkúta: ẹni tó bá sọ "fanákúlà" á san owó, bí kò bá lówó, wọ́n á so páálí mọ́ ọn lọ́rùn títí di àkókò ìlọsílé. Mo ti gbé páálí yẹn kọ́rùn rí. Mo mọ bó ṣe máa ń rí lára. Síbẹ̀ mo mú un wá fún àwọn tó lè bí mi lọ́mọ. Kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀, nítorí kò sẹ́ni tó la ẹnu. Bíríkìlà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ti ka gbogbo páálí àjà yàrá náà tán, òun sì mọ èyí tí omi ń gbà jò nínú wọn.

Àwọn ọmọ Abúlé Faransé ni mo ń wò tí mo fi ṣe é. Láti ọdún 1991 ni ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, Nigeria French Language Village, ti wà ní Àjárà níbí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Faransé láti yunifásítì káàkiri Nàìjíríà ló ń wá gbé ibẹ̀ kí Faransé lè mọ́ wọn lẹ́nu, òun ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa sọ. Mo máa ń bá wọn pàdé lójú ọ̀nà, Faransé á máa dà lẹ́nu wọn. Ohun tí mi ò rò ni pé àwọn yẹn ti kọ́ Faransé kí wọ́n tó dé. Ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, òun ni wọ́n ń gbọ́ tọ̀sán tòru. Wákàtí mẹ́rin péré ni Ìyá Alágbọn ní lọ́sẹ̀, lẹ́yìn tó ti jókòó nínú oòrùn láti àárọ̀. Bí mo bá gba Yorùbá àti Ègùn lẹ́nu rẹ̀, kí ló kù tí yóò fi bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń sọ nǹkan báyìí? Mo fa òfin náà ya.

Ọjà Àgbálatà ló là mí lójú. Mo lọ ra epo àgbọn lọ́jọ́ kan, mo bá Ìyá Alágbọn pẹ̀lú ọkùnrin Haúsá kan tó fẹ́ ra àgbọn púpọ̀. Yorùbá ọkùnrin náà kò ju owó àti ẹ káàárọ̀ lọ, Ìyá Alágbọn kò sì gbọ́ Haúsá. Mo dúró sẹ́yìn àwọn tó ń ra nǹkan, kò rí mi. Bí ọkùnrin náà bá sọ ohun tí kò yé e, Ìyá Alágbọn á pe ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ padà, á sì gbé ohùn rẹ̀ sókè bí ẹni ń béèrè. Bí iye bá dàrú, á na ìka. Á gbé àgbọn kan, á tún gbé òmíràn, ojú rẹ̀ á béèrè pé èwo? Nígbà tí owó tí ọkùnrin náà dá kéré, ó rẹ́rìn-ín, ó fa àpò rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì dákẹ́. Ó mọ ibi tó yẹ kó dákẹ́ sí! Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, ó tún gbogbo àdéhùn náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, iye àgbọn, iye owó, ìgbà tí ọkọ̀ máa wá kó o, pẹ̀lú ìka àti ọ̀rọ̀ èdè mẹ́ta, ọkùnrin náà sì ń mi orí.

Obìnrin tí mo rò pé kò lè sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó mọ ọ̀rọ̀ sísọ ju èmi lọ. Ó mọ bí a ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlòmíì, bí a ṣe ń dá a padà, bí a ṣe ń wádìí bóyá ó yéni, bí a ṣe ń tún ọ̀rọ̀ tó já so. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí n fi Gẹ̀ẹ́sì wọ gbogbo ìyẹn láṣọ, èmi sì ti ń fi oṣù mẹ́fà kọ́ ọ bí ẹni tí kò tíì gbọ́n.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo ní kó ṣe bó ṣe ṣe fún ọkùnrin Haúsá náà fún wa. Ẹ̀rín sọ ní yàrá yẹn fún ìgbà àkọ́kọ́. Gbogbo ibi tó ti ṣe nǹkan kan, mo dá a dúró, a jọ wá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. "Please, say it again." "Slowly, please." "You mean this one?" "Wait, let me think." "What do you call this?" "So, ten, not twelve?" Kò pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá Ọlọ́kọ̀ ló fún wọn lórúkọ. Ó ní àjẹ̀ nìyẹn, àjẹ̀ tí a fi ń tukọ̀. Ó ní gírámà ni ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ tí kò mú àjẹ̀ dání, ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì bá kú sójú omi ni yóò mọ ara rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́ nínú kíláàsì wa, àjẹ̀ ni a ń wà. Mo máa ń mọ̀ọ́mọ̀ sọ̀rọ̀ kíákíá, tàbí kí n fi ọ̀rọ̀ tí wọn ò gbọ́ rí sínú rẹ̀, kí wọ́n lè dá mi dúró. Bí ẹnì kan bá jẹ́ kí n kọjá láìyé e, àwọn tó kù á ké pé, "Àjẹ̀! Àjẹ̀!" Mo gbà pé èyí ló yẹ kí tíṣà Gẹ̀ẹ́sì sísọ fi bẹ̀rẹ̀, kó tó kan orúkọ ẹ̀fọ́ àti orúkọ ẹran.

Ṣùgbọ́n àrùn kan ṣì wà lára mi, àrùn àwa tíṣà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá Ọlọ́kọ̀ dìde fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó pè é. Ó fẹ́ sọ ìtàn alẹ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú nígbà tí èrò kún inú ọkọ̀ tí ìjì sì ń bọ̀. Ó ní, "My engine, he die." Mo ní, "It died, Bàbá. It died." Ó ní, "It died. Then water carry we..." Mo ní, "The water carried us." Ó dúró díẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀, mo tún tún un ṣe. Nígbà tó di ìgbà kẹrin, ó ní, "Thank you, Àǹtí," ó jókòó. A ò mọ bí wọ́n ṣe dé èbúté lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kò fi wá.

Mo lọ bá a ní Màrínà. Ó ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ó kí mi dáadáa, ó nu pákó kan fún mi pé kí n jókòó. Ó ní, "Àǹtí, mo mọ̀ pé ẹ ò gbèrò láti dójú tì mí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí mo bí ti ju télọ̀ yẹn lọ, ó sì ń wò mí. Ẹ jẹ́ kí n gúnlẹ̀ ná, kí ẹ tó máa ka ẹja inú ọkọ̀." Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, pé omi á ba aṣọ mi jẹ́.

Mo ro ọ̀rọ̀ yìí dé ilé, mo tún ń rò ó di òní. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ní ń fọ́: ohun tí wọ́n fi tọ́ wa nìyẹn. Àgbà kì í kàn dédé sọ̀rọ̀. Ó ń yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jáde. Ọ̀rọ̀ tó dáa wà lára ohun tí a fi ń mọ̀ ọ́n ní àgbà. Ẹ wá mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ wọ inú èdè tí ó ti máa sọ̀rọ̀ bí ọmọ ọdún mẹ́ta, níwájú ẹni tó yẹ kó máa dọ̀bálẹ̀ kí i, kí ọmọdé kan sì dúró níwájú pátákó, kó máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Èèyàn lè jókòó kó má dìde mọ́. Kì í ṣe pé orí wọn kò gbé Gẹ̀ẹ́sì.

Báyìí, ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ mi. Bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, mi ò ní já lù ú. Mo kọ ohun tí mo gbọ́, mo sì ń dá a lóhùn bí ẹni tí ìtàn náà ń mú lọ́kàn, torí pé ó ń mú mi lọ́kàn. Bó bá ní "he die," màá ní, "Ah! It died? In the night?" Yóò gbọ́ èyí tó tọ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni ká a lọ́wọ́ kò, ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò sì fúnra rẹ̀ mú un lò kó tó parí ìtàn. Nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 10 kí á parí, mo ń kọ àṣìṣe mẹ́ta péré sí pátákó, láìdárúkọ ẹni tó ṣe é. Mẹ́ta tó. Bàbá Ọlọ́kọ̀ padà wá, ó sọ ìtàn rẹ̀ dópin. Àwọn èrò fi ọwọ́ àti ìdérí kúlà tukọ̀ ni, nítorí àjẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú ọkọ̀.

Àwọn àṣìṣe kan wà tó jẹ́ pé Yorùbá ló sùn sábẹ́ wọn, mo sì ti wá fẹ́ràn wọn gan-an torí wọ́n ń fi bí èdè tiwa ṣe ń ronú hàn. Obìnrin àlejò kan dúró létí omi, ó wo ọkọ̀ Bàbá, ó béèrè pé, "It doesn't leak?" Bàbá fi gbogbo ẹnu rẹ́rìn-ín, ó ní, "Yes, yes!" Obìnrin náà fà sẹ́yìn, ó lọ wá ọkọ̀ mìíràn. Bàbá dé kíláàsì pẹ̀lú ìbínú. "Ó ní ọkọ̀ mi kò jò, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni mo wí tí kò dáa?" Gbogbo kíláàsì ló gbè é lẹ́yìn. Ó sì jàre ní Yorùbá: bẹ́ẹ̀ ni tiwa, ọ̀rọ̀ tí ẹni náà sọ ni à ń gbà pẹ̀lú rẹ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì kì í wo ohun tí ẹni náà sọ, ọkọ̀ ló ń wò. Bí kò bá jò, "no" ni, bí ó ti wù kí wọ́n béèrè rẹ̀. Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé rẹ̀, ó tún dà wọ́n lọ́kàn rú sí i. Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé a fẹnu kò pé kí ẹnikẹ́ni má fi "yes" tàbí "no" nìkan dáhùn mọ́. Kó sọ ọ̀rọ̀ náà tán: "It doesn't leak. It is a strong boat." Ẹni tó bá sọ ọ́ tán, bí "yes" rẹ̀ bá tilẹ̀ ṣìnà, ọ̀rọ̀ tó kù á fà á padà.

Bákan náà ni obìnrin aláṣọ kan ń sọ fún oníbàárà pé, "My mother, they are sick," tí ẹni náà ń wá àwọn mélòó ló ń ṣàìsàn. Ó ń bọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ̀ ni. "I'm coming," la máa ń wí bí a bá ń jáde lọ, nítorí mò ń bọ̀ ni. "He" àti "she" kò tíì yé ẹnikẹ́ni tán, "ó" kan náà ló kó gbogbo wa. Èyí tó lè ṣi oníbàárà lọ́nà nìkan ni mo ń tún ṣe. Ẹni tó bá ní òun gbọ́ òórùn ọbẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, mo jẹ́ kó máa gbọ́ ọ.

Ti pípè ọ̀rọ̀, ọwọ́ mi kọ́ ló ti wá. Télọ̀ ọmọ Ìsẹ́yìn kò lè pe "v", "f" ló ń pè é. "Zip" tó ń rán lójoojúmọ́, "sip" ni. Mo ti ya ẹnu àti eyín sí pátákó títí, kò gbà á. Ìyá Alágbọn ní, "Ọmọ mi, pe Vlekete." Ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹrú láyé àtijọ́ nílùú yìí ni. Télọ̀ ní, "Fẹlẹkẹtẹ." Ìyá ní, "Fi eyín òkè kan ètè ìsàlẹ̀, kó máa kùn bí oyin." Èdè Ègùn ní "v", ó ní "z". Àwọn tó fi Ègùn dàgbà ti ní ohùn tí àwa Yorùbá ń lé kiri, mo sì ti ń kọ́ gbogbo wọn bí ẹni pé Yorùbá kan náà ni wọ́n. Ìyá Alágbọn ló wá di tíṣà "v" àti "z", bíríkìlà sì ń ràn án lọ́wọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni ohùn Ìyá ti yí padà ní kíláàsì. Ó ń gbé e sókè.

Ohun kan tí mo rò pé gbogbo tíṣà yẹ kó ṣe lẹ́ẹ̀kan: mo fi fóònù mi gba ohùn kíláàsì kan sílẹ̀ fún 40 ìṣẹ́jú. Mo gbọ́ ọ nílé, mo fi aago wọ̀n ọ́n. Ìṣẹ́jú 29 ni èmi nìkan fi sọ̀rọ̀. Èèyàn márùn-ún ló pín 11 tó kù, pẹ̀lú ìdákẹ́jẹ́ inú rẹ̀. Èmi tí mo ti mọ̀ ọ́n sọ ni mò ń gba ìdárayá lójú wọn. Mo tún ṣàkíyèsí pé bí mo bá béèrè nǹkan, mi ò ní dúró de ìdáhùn kí n tó fúnra mi dáhùn. Báyìí, mo ń ka ení sí ẹ̀wá nínú ọkàn. Ó le gan-an. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé tí mo bá dé orí ẹẹ́jọ ni ọ̀rọ̀ máa ń jáde.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, Màrínà ni kíláàsì wa. A ń dúró níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1845, ẹnì kan á ṣe amọ̀nà, àwọn yòókù á ṣe àlejò. Mi ò sọ ìbéèrè fún amọ̀nà ṣáájú, torí ní ayé, ẹnikẹ́ni kì í fún wa ní ìbéèrè ṣáájú. Bíríkìlà bi télọ̀ ní ohun tí kò sí nínú ìwé kankan: "Who carry the first wood? What is his name?" Télọ̀ ronú, ó ní, "Wait, let me think." Ó tún ní, "Nobody write his name." Àwa mẹ́fà dákẹ́.

Ibẹ̀ náà ni mo ti sọ fún wọn pé Àjàyí Crowther gbé inú ilé yìí, ó sì ṣiṣẹ́ lórí ìtumọ̀ Bíbélì sí Yorùbá níbẹ̀. Pé ọmọ Òṣogùn ni, wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, kò sì mọ Gẹ̀ẹ́sì títí wọ́n fi gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní 1822, tí wọ́n gbé e lọ sí Freetown. Ìyá Alágbọn wo fèrèsé òkè fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Òun náà á ti tijú rí."

Ní oṣù tó kọjá, mo tún lọ sí Àgbálatà ra epo. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ jọ ti ará Amẹ́ríkà dúró níwájú ìsọ̀ Ìyá Alágbọn, ó ń béèrè nǹkan nípa epo, ó ń sọ ọ́ kíákíá, èmi gan-an ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́. Mo sún mọ́ wọn, mo ti la ẹnu láti ràn án lọ́wọ́. Ìyá Alágbọn rí mi. Ó na ọwọ́ sí mi pé kí n dúró, kò tilẹ̀ wojú mi, ó dojú kọ oníbàárà rẹ̀, ó ní, "Please, say it again. Slowly." Ọ̀dọ́mọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo dúró de kí ó kàn mí.